Ìwé Kíkà Àwọn Ọmọdé ní Ilẹ̀ Yorùbá: Ohun Tí A Kọ Sí Inú Rẹ̀ àti Ohun Tí A Fi Sílẹ̀

Àwọn tí ó ń ṣe ìwádìí ìtàn ilẹ̀ wa a máa tọ àwọn arọ́kin lọ, wọn a máa yẹ ìwé àwọn aṣojú ìjọba àti ìròyìn àwọn òjíṣẹ́ ìhìnrere wò, wọn a sì máa jókòó ti ìwé Johnson títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìwé kan wà tí wọn kì í sábà ṣí, bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ilẹ̀ yìí tí kà tó o kò wọ́pọ̀: èyí ni ìwé kíkà tí a ń fi lé ọmọdé lọ́wọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Kékeré ni, owó pọ́ọ́kú ni a ń tà á, ẹ̀yìn rẹ̀ a sì ti ya kí ọdún tó yí po. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá kọ sí inú rẹ̀ ni ọmọ náà yóò máa pè ní ìtàn àtayébáyé nígbà tí òun pẹ̀lú bá di baba ọmọ. Ohun tí a kò bá sì kọ sí i, òun ni yóò máa wí pé èdè wa kò lè sọ. Nǹkan méjèèjì yìí ni mo fẹ́ fi hàn, nípa ìtàn Ṣàngó ní apá kan, àti nípa ìmọ̀ ìṣẹ̀dá, èyí tí a ń pè ní sáyẹ́ǹsì, ní apá kejì.

Sàró ni a ti kọ́kọ́ kọ èdè wa sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọmọdé, kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń gba àwọn ẹrú sílẹ̀ lójú òkun, ìlú Freetown ni wọ́n ń kó wọn gúnlẹ̀ sí, a sì ń pe àwọn ará wa tí ó wà láàrin wọn ní Àkú, nítorí bí wọ́n ti ń kí ara wọn. Obìnrin kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Hannah Kilham, ọ̀kan nínú àwọn Quaker, wá ṣe olùkọ́ ní ibẹ̀. Ó gbàgbọ́ pé ọmọ tí a bá fi èdè tí kò gbọ́ kọ́ ní ìwé yóò máa pe ọ̀rọ̀ já gaara bí ayékòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní lè sọ ohun tí ó kà. Ní 1828 ó tẹ ìwé kan jáde tí ó kó ọ̀rọ̀ láti inú nǹkan bí ọgbọ̀n èdè Áfíríkà jọ, èdè Àkú sì wà nínú wọn. Kò pẹ́ láyé lẹ́yìn èyí. 1832 ni ó kú lójú òkun. John Raban, òjíṣẹ́ C.M.S., tẹ àwọn ìwé kékeré ti ọ̀rọ̀ Àkú jáde láàrin 1830 àti 1832. Lẹ́yìn wọn ni ẹni tí ó ni èdè fúnra rẹ̀ dé.

Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, ẹni tí a kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun gbà sílẹ̀ tí ó sì gúnlẹ̀ sí Freetown ní 1822, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀ jáde ní 1843. Nígbà tí ó tún un ṣe ní 1852, ó fi òwe kún un lọ́pọ̀lọpọ̀, ó ń fi òwe la ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yé ènìyàn. Ohun ńlá ni mo ka èyí sí. Àwọn àjèjì tí ó ṣáájú rẹ̀ kọ orúkọ nǹkan sílẹ̀; òun kọ èrò inú àwọn tí ó ni nǹkan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Iṣẹ́ ìhìnrere dé Badagry ní 1842, ó sì fi ìdí kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta ní 1846. Ìwé tí ó kọ́kọ́ bọ́ sí ọwọ́ tàgbà tèwe ni A.B.D., tí a ń pè bẹ́ẹ̀ nítorí èdè wa kò ní ohun tí yóò fi C ṣe. Ọ̀rọ̀ inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé: ajá, adìẹ, omi, ọbẹ, iṣu. Ní Abẹ́òkúta ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní 1859, kí ìwé kíkà lè di àṣà. Ìwé náà parẹ́ ní 1867 nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó kúrò ní ìlú. Ní oṣù kìíní 1875 àwọn olórí iṣẹ́ ìhìnrere péjọ sí Èkó láti fi ìdí ọ̀nà tí a ó máa gbà kọ èdè Yorùbá múlẹ̀. Àmì tí ọmọdé ń fi sí abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ti wà kí wọ́n tó péjọ, ṣùgbọ́n ìpàdé náà ni ó fún un ní àṣẹ.

Títí di ìgbà yìí ọ̀nà ṣí sílẹ̀. Kò sí ohun tí ó wí pé ìwé tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ajá àti adìẹ kò lè dé orí oòrùn, òṣùpá, ẹ̀jẹ̀ ara ènìyàn àti bí irin ti ń dípẹtà. Ṣùgbọ́n ní 1882 ìjọba ṣe òfin ẹ̀kọ́ kan fún Gold Coast àti Èkó, tí a so pọ̀ mọ́ ara wọn ní ìgbà náà. Òfin yìí fi owó ìrànwọ́ sí orí kíkà àti kíkọ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì fi kọ́bọ̀ kan sí orí Yorùbá. Àwọn òjíṣẹ́ ìjọ ní Èkó ráhùn. Ẹ kíyèsí bí ọ̀ràn náà ti rí: a kò pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́ Yorùbá, owó ni a kàn gbé sí apá kejì. Olùkọ́ tí a ó fi ìdánwò àwọn ọmọ rẹ̀ díwọ̀n owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní ṣàì mọ ibi tí yóò fi agbára rẹ̀ sí. Díẹ̀ díẹ̀ ni a pín ìmọ̀ sí méjì. Yorùbá gba Bíbélì, orin ìjọ, àlọ́ àti ìtàn àwọn baba ńlá. Gẹ̀ẹ́sì gba ìṣirò, ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé àti ìmọ̀ ìṣẹ̀dá.

Nínú ìpín ti Yorùbá ni Ìwé Kíkà Ẹ̀kẹrin ti jáde ní 1911 láti ilé ìtàwé C.M.S. ní Èkó. A. L. Hethersett ni a ń fi orúkọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹni tí ó ti ṣe akọ̀wé àti ògbufọ̀ fún ìjọba. Èdè rẹ̀ dùn, ó sì mọ́; ìṣòro ni kí ènìyàn rí èdè tí ó tò bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ìtàn Ṣàngó wà nínú rẹ̀: ọba líle, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ sú, tí ó kúrò ní ìlú, tí ó sì so ní orí igi àyán. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń fi í ṣe ẹlẹ́yà pé ọba so, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá láti kọ́ oògùn tí a fi ń pe iná láti ọ̀run. Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jó ní ìlú, ẹ̀rù sì mú kí àwọn ẹlẹ́yà yí ohùn padà pé ọba kò so.

Ìtàn yìí kò ti orí Hethersett bẹ̀rẹ̀. Ellis ti kọ ọ́ ní 1894 pé ọba náà so. Johnson, ẹni tí ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, wí bákan náà. Ṣùgbọ́n ìwé Johnson kò jáde títí di 1921, Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí agbẹ̀ kò lè rà á fún ọmọ rẹ̀. Ìwé Kíkà Ẹ̀kẹrin dé ibi tí Johnson kò lè dé. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Èkìtì, ọmọ Oǹdó, tí wọn kò ti ẹnu ará Ọ̀yọ́ kankan gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí, kà á ní kíláàsì, wọ́n sì lọ sí ilé lọ sọ ọ́ fún àwọn òbí wọn. Nígbà tí ó fi di ìran kejì, kò sí ẹni tí ó tún rántí pé inú ìwé ni ó ti wá. Ó ti di ohun tí àwọn àgbà sọ.

Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ẹni tí ó kú ní 2018, yẹ ìtàn náà wò fínnífínní, ó sì tako o. Ó fi hàn pé àwọn tí ó ń sin Ṣàngó kò gbà pé ó so, àti pé ọwọ́ àwọn òǹkọ̀wé onígbàgbọ́ ni ìtàn náà ti gbilẹ̀. Kòso, ni wọ́n wí, orúkọ ibi kan ni. Ọba Kòso ni ọba tí ó ni Kòso, gẹ́gẹ́ bí a ti ń wí pé Ọba Èkó. Bí a bá ya ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà sí méjì, ó di ẹjọ́ tí ènìyàn ń wí láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Àlàfo kékeré láàrin ọ̀rọ̀ ni ó sọ oríkì di àwáwí.

Èmi kò lè sọ bí Ṣàngó ti kú, n kò sì mọ ẹni tí ó lè sọ ọ́ nísinsìnyí. Ohun tí ó kàn mí ni ọmọ tí ó jókòó ní kíláàsì. Ní àwọn ọdún náà, àwọn ọmọ adóṣù Ṣàngó pẹ̀lú wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, nítorí kò sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ní ọ̀pọ̀ ìlú. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dìde, ó sì kà á sókè, níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, pé ẹni tí baba òun ń bọ ni ẹni tí ó fi okùn pa ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń sọ ní ilé rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Àwa onígbàgbọ́ sì dùn sí i, a kò gbọdọ̀ purọ́. Ó rọrùn fún wa láti wàásù pẹ̀lú rẹ̀. Ìwé tí ó bá ń sọ ìgbésí ayé onírúurú ènìyàn fún ọmọdé ní láti kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn náà.

Ohun kejì tún wà nínú ìtàn yìí tí kò hàn kedere bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó ka Ìwé Kíkà Ẹ̀kẹrin mọ̀ ní Yorùbá pé oògùn Ìbàrìbá ni ó fa iná láti ọ̀run. Bí ó bá tẹ̀síwájú dé kíláàsì òkè, yóò kà ní Gẹ̀ẹ́sì pé Benjamin Franklin ní Amẹ́ríkà ti wádìí rẹ̀ ní 1752 pé agbára iná kan náà tí ènìyàn lè fi ọwọ́ ṣe ní inú ilé ni ó wà nínú àwọsánmà. Mànàmáná di méjì lọ́kàn rẹ̀. Ti Yorùbá jẹ́ ìtàn, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ òtítọ́. Ta ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Kò sí olùkọ́ tí ó wí i. Bí a ti pín àwọn ìwé náà ni ó kọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ohun tí ó le nínú kí a sọ ọ́ ní Yorùbá. Nínú ìkùukùu òjò, omi dídì a máa kọlu ara wọn, agbára iná a sì máa pọ̀ sí i ní apá kan títí yóò fi bẹ́ wá sí ilẹ̀. Ọ̀nà tí ó gbà kọjá a gbóná ju ojú oòrùn lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ a fẹ̀ lójijì, ìró fífẹ̀ náà ni a ń pè ní àrá. Ìmọ́lẹ̀ a dé ojú wa lẹ́sẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n ìró ń rìn ní nǹkan bí 340 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà bí mànàmáná bá kọ, kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ení, èjì, ẹ̀ta. Bí àrá bá sán nígbà tí ó ka ẹ̀ta, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà kan sí i. Bí ó bá sán kí ó tó ka ení tán, kí ó sá wọ inú ilé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè gbọ́ èyí ní èdè ìyá rẹ̀ kí ó sì lò ó ní ọjọ́ náà gan-an.

Ìmọ̀ náà kò tilẹ̀ ṣe àjèjì sí wa tó bí a ti rò. Ẹ wo aláró. Obìnrin náà a gún ewé ẹ̀lú, a ṣù ú, a sá a gbẹ. A sun igi di eérú, a kó eérú náà sí inú ìkòkò tí a dá lu nídìí, a da omi sí i, omi eérú náà a sì máa kán sí ìkòkò ìsàlẹ̀. Inú omi yìí ni yóò rẹ ẹ̀lú sí fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kà, òórùn rẹ̀ àti ìtọ́wò rẹ̀ ni yóò sì fi mọ̀ pé ó tó. Aṣọ tí ó bá fà jáde kì í tíì dúdú. Bí ewé ni àwọ̀ rẹ̀ ti ń rí ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ yóò fọwọ́ kàn án tí yóò sì yí padà sí aró lójú ẹni. Gbogbo ohun tí olùkọ́ ìmọ̀ ìṣẹ̀dá ní láti kọ́ ọmọ nípa omi kíkan àti omi eérú, àti nípa ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe sí nǹkan, wà nínú agbo aró ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ aláró kà nípa ilé iṣẹ́ aṣọ ní Manchester.

Ìròyìn ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes ní 1922, àti ìwé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ jáde ní 1925 nípa ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà, gba èdè ìbílẹ̀ níyànjú. Lẹ́yìn èyí ni Yorùbá rí àyè díẹ̀ sí i ní kíláàsì ìsàlẹ̀. Àwọn ìwé tí ó dára jáde. J. F. Ọdúnjọ, ọmọ Ìbarà ní Abẹ́òkúta, kọ Aláwìíyé, orúkọ rẹ̀ sì rò ó. D. O. Fágúnwà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ ìwé ọdẹ rẹ̀ ti 1938, bá L. J. Lewis kọ Táíwò àti Kẹ́hìndé fún àwọn ọmọ kékeré. N kò ní dúró pẹ́ lórí wọn, nítorí àwọn òǹkàwé mi mọ̀ wọ́n ju bí mo ti lè sọ lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì lè ka ewì Ọdúnjọ lórí iṣẹ́ láìwo ìwé. Síbẹ̀ ààlà ti 1882 kò yẹ̀. Ìwà rere, oko, ọjà, àlọ́ àti ìtàn ni ti Yorùbá. Ní kíláàsì kẹrin ni ẹ̀kọ́ gbogbo a sì yí sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955, iye ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fò láti 456,600 ní 1954 sí 811,432. Gbogbo àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ó gba ẹnu ààlà náà kọjá, tàbí tí wọ́n dúró síbẹ̀.

Ní oṣù kìíní 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí ó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, dán ohun tuntun wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Adébísí Afọláyan pẹ̀lú wọn, mú ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n sì pinnu pé ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni a ó fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ohun gbogbo, kí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàrin ẹ̀kọ́ yòókù. Àwọn ọmọ mìíràn ni a ó fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́ta kí a tó yí wọn sí Gẹ̀ẹ́sì bí ti àtẹ̀yìnwá, kí a lè fi wé ara wọn. Owó wá láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà. Ìṣòro àkọ́kọ́ tí wọ́n bá pàdé kì í ṣe ti ọmọ, kì í ṣe ti olùkọ́. Ìwé kò sí. Wọ́n ní láti jókòó kọ ìwé sáyẹ́ǹsì, ìwé ìṣirò, àti ìwé ìbágbépọ̀ àwùjọ ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀, kíláàsì kan tẹ̀lé èkejì, bí àwọn ọmọ ti ń dàgbà bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ó lé ní ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn òfin 1882.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ bá wọ inú Yorùbá yẹ fún àkíyèsí. Helen Verran láti Ọsirélíà, ẹni tí ó kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, sọ ìtàn kan nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 2001. A ní kí olùkọ́ kan kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń wọn gíga ènìyàn. Ìlànà tí a fún un ni kí ó fi okùn wọn ọmọ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí ó sì na okùn náà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ìwọ̀n. Olùkọ́ náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gé páálí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ó ní kí àwọn ọmọ wé okùn náà mọ́ ọn, kí wọ́n ka iye ìgbà tí ó yí i, kí wọ́n sì fi èyí tí ó ṣẹ́kù kún un. Obìnrin náà kọ́kọ́ kọminú pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni a ń kọ́ni ní gígùn. Ṣùgbọ́n ó yé àwọn ọmọ, ìdáhùn wọn sì tọ̀nà. Kò yà mí lẹ́nu. Àwọn baba wa tí ó ń ka owó ẹyọ a máa fa márùn-ún márùn-ún, wọn a kó o jọ ní ogún ogún títí yóò fi di igba. Nínú òkìtì ni oǹkà wa ti ń bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ náà bá ọ̀nà tí ó ti wà nílẹ̀ pàdé.

Àbájáde iṣẹ́ Ifẹ̀ jáde nínú ìwé kan ní 1989. Àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Àwọn kan ti wí pé olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú ni a yàn láti kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, àti pé ojú gbogbo ènìyàn wà lára wọn. Òtítọ́ wà nínú èyí, kò sì yẹ kí a fi pamọ́. Ṣùgbọ́n kò sí bí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti lè mọṣẹ́ tó tí yóò fi ṣe àlàyé bí àwọn ọmọ náà ti ṣe mọ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, tí a kọ́ wọn ní Yorùbá.

Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1977 wí pé èdè ìyá ọmọ, tàbí èdè àdúgbò, ni kí a fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ní oṣù kọkànlá 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti Modákẹ́kẹ́. Ní oṣù kọkànlá 2025 wọ́n fagi lé e, wọ́n sì dá Gẹ̀ẹ́sì padà. Mo ṣàkíyèsí pé láàrin ọdún mẹ́ta náà òfin ni a ń sọ, a kò sọ̀rọ̀ ìwé. Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe òdì kejì èyí: ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ kọ.

Àwọn ọmọ tí ó wọ kíláàsì àkọ́kọ́ ní Modákẹ́kẹ́ ní 1970 ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ báyìí. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn òǹkàwé ìwé yìí tí ó bá mọ ọ̀kan nínú wọn, kí ó jọ̀wọ́ bi í léèrè ohun tí ó rántí, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí ó ti gbọ́ ọ. Bí ẹ̀dà ìwé sáyẹ́ǹsì náà bá wà nínú àpótí ẹnìkan, tàbí A.B.D. àtijọ́, tàbí Ìwé Kíkà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, kí a má ṣe fi dáná.